Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ṣe Èènì

Yúrò méjìdínlógójì ni wọ́n ń ta àpótí ata rodo kan ní Moore Street ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí. Má rẹ́rìn-ín. Àpótí yẹn kan náà ni mo máa ń rà ní ogún nígbà ooru, tí ẹni tó ń kó o wá á tún máa bẹ̀ mí pé kí n mú méjì. Òórùn ata ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn bó bá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ti panla á tẹ̀ lé e, ti páálí tí òjò Dublin ti rin á wá jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Lọ́sẹ̀ yẹn, òórùn nìkan ni mo lè fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí oníbàárà bá fọwọ́ kan rodo kan, ojú mi á bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, á bá a bọ̀.

Ata yìí náà ló gbé mi dé àdúgbò Finglas. Mo ti búra fún ara mi pé bó bá tún di pọ̀ọ́kú, màá rà á jọ, màá lọ̀ ọ́, màá kó o sínú yìnyín, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ata kọ́ mi lọ́gbọ́n mọ́. Firísà kejì ni mo wá lọ. Mo rí i lórí fóònù: bàbá kan tó ń kó kúrò nílé fẹ́ ta firísà gbọọrọ kan, èyí tó máa ń dùbúlẹ̀ bíi pósí, ní àádọ́rin yúrò. Mo pe ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ bá mi kẹ́rù, a sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ga, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí igi tí atẹ́gùn ti ń tì láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ilé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán. Ó ní ilé àwọn arúgbó lòun ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọmọ òun obìnrin ló ṣètò rẹ̀, àpò méjì péré ni wọ́n gba òun láyè láti kó dání, ibẹ̀ sì grand. Grand, tí wọ́n fi ń sọ níhìn-ín pé kò sí wàhálà, ni bàbá yẹn ń pe ohun gbogbo. Firísà grand, òjò grand, orúnkún tó ń dùn ún pàápàá, grand. Mo ná ọjà rẹ̀. Ó ní àádọ́rin, mo ní ogójì. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní ọjọ́ orí ìyá rẹ̀. A jọ fà á síwá, fà á sẹ́yìn, a sì bá ara wa ní márùndínlọ́gọ́ta. Nígbà tí mo sanwó tán, mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, mo ní, "Èènì mi ńkọ́?"

Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá tajà tán a fi nǹkan kún un, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹni tó rà á lè padà wá.

Ó ní, "Mi ò mà ní firísà mìíràn, missus. Kí lo fẹ́ padà wá rà?"

Mo ní ìyẹn ò kan èènì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó wá nàka sí kọ́bọ́ọ̀dù inú ògiri tí wọ́n ń pè ní press níhìn-ín, ó ní kí n mú ohunkóhun tó bá wù mí níbẹ̀, pé pàǹtírí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó sì yíjú, ó ń bá ọmọ Ìjẹ̀bú jà pé kó má fi firísà ha ògiri ilé tóun ti tà.

Kẹ́tùlù tó ti jóná ló wà níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kan. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó gùn tó apá mi láti èjìká dé ìka, wọ́n fi ọ̀dà eérú àti búlúù kùn ún ní àbùlé-àbùlé, bí aṣọ ẹni tí owó rẹ̀ tán kó tó pé. Ìbọn kéékèèké wà lórí rẹ̀, tínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, òwú dúdú sì nà láti òpó dé òpó. Ó wù mí. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo gbé e há abíyá. Mi ò jí i, mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi hàn án kí n tó jáde. Èyí náà, mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ náà wà lórí àpò gààrì nígbà tí díákónẹ́ẹ̀sì kan wọlé wá láti Adamstown. O mọ irú wọn: ó máa ń se oúnjẹ ìkómọ fún gbogbo ìjọ wọn, bó bá sì ti rajà lọ́dọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan, o lè ti ṣọ́ọ̀bù kó o lọ sùn. Ó ra ìrẹsì àpò mẹ́rin, òróró, panla, ẹ̀gúsí. Nígbà tó sanwó tán, ó na ọwọ́ sí àpótí ata mi.

"Ìyá Aláta, fi rodo ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe èènì fún mi."

Ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, ojú mi bọ́ sórí ọkọ̀. Ohun tí mi ò fi kọ́bọ̀ rà. Mo gbé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, mo ní, "Mummy, ata kọ́ ló yẹ yín. Ẹ gba ọkọ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló rán ọ sí mi?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Ata ló wọ́n."

Kò gbọ́. Ó ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Ó ní lánàá, lórí pẹpẹ, pásítọ̀ wọn sọ pé ẹnì kan wà láàárín àwọn tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Òun sì ti ń retí ìwé ìgbélùú òun láti ìgbà tí ọmọ òun kékeré ti wà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ náà sì ti wọ yunifásítì báyìí. Ó gbá ọkọ̀ náà mọ́ àyà, ó gbé e lọ bí ẹni gbé ìkókó. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ata mi ò dín ẹyọ kan. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà tán tí mo sá fún ìkeje, mo wo gbogbo Ireland, mi ò rí ẹni tó gbọ́n tó mi.

Lọ́jọ́rú ni bàbá Finglas wọlé. Ó ti bèèrè láti òkè Moore Street dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń wá obìnrin tó ra firísà. Òjò ti rin ín, ó jókòó lórí àpò ìrẹsì, ó ń mí.

Ó ní, "Missus, ṣé o ò rí ọkọ̀ kan nínú press yẹn? Yoke, nǹkan kékeré kan, tí wọ́n fi igi ṣe?"

Ó rò pé ọmọ òun ti kó o sínú àpò, ọmọ rẹ̀ náà sì rò pé bàbá ti kó o. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun lòun ní kí n mú ohunkóhun. Ibẹ̀ gan-an ló ti ká mi mọ́. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bú u padà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè bú mi kó jèrè. Ṣùgbọ́n ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí n má baà dáhùn, mo bi í pé ọkọ̀ kí ni. Ó ní bàbá òun ló fi igi àpótí ẹja gbẹ́ ẹ, pé irú ọkọ̀ tí bàbá náà wà nínú rẹ̀ nígbà ogun Hitler nìyẹn. Hunt ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Wọ́n kan wọn lé lọ́gọ́rin, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn olówó tó máa ń gun ẹṣin fi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n sì fi sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó tún un sọ. Ogun tó ń jẹ ayé run, ẹnì kan wá jókòó, ó ń fi eré olówó sọ ọkọ̀ lórúkọ. Inú rẹ̀ dùn pé mo rẹ́rìn-ín. Ó ní apanirun ni oyè wọn nínú ìwé, ṣùgbọ́n kékeré ni wọ́n nínú àwọn apanirun, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe kí wọ́n wá ìjà lọ. Àwọn ọkọ̀ tó ru èédú àti oúnjẹ ni wọ́n ń sìn. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù á máa fà lọ tìẹ̀-tìẹ̀, tiwọn ni kí wọ́n máa yí i ká, síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, kí ọ̀tá má baà yọ lábẹ́ omi tàbí nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá sin wọ́n dé èbúté tán, wọ́n á yí padà lọ mú àwọn mìíràn. Ó ní ìbọn orí rẹ̀ pọ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ lọ, bí ìgbì kékeré bá ti gbá a, á máa fì bí obìnrin tó ru ìkòkò omi tó wọ bàtà gogoro. Ọbẹ̀ kì í dúró nínú abọ́. Tibàtà-tibàtà ni wọ́n ń sùn.

Ireland ò bá wọn dá sí ogun yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin kan kọjá sí England lọ wọṣẹ́, ebi ń pa àwọn kan, ẹsẹ̀ ló ń yún àwọn mìíràn. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n padà dé, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé o wọ aṣọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà wọ́n pa ẹnu mọ́. Inú press ni ọkọ̀ náà ń gbé. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ti fa kọ́tìnnì tán nìkan ló máa ń gbé e jáde fún un.

"Kò lè jókòó mọ́," ni ó wí nípa bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí Máàsì, ìyá àti àwọn ọmọ á máa rìn lójú kan, bàbá á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn wọn, á bọ́ sí etí títì, á tún lọ síwájú. Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣẹ̀sín. Òun nìkan ló mọ̀ pé bàbá òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wo àyíká ṣọ́ọ̀bù. Ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò ń bọ̀ wá gbé òun. Ẹnu mi, tí kì í dúró gba àṣẹ, ló dáhùn: "Ilé mi ló wà. Màá gbé e wá fún yín lọ́la."

Mo sìn ín dé ìdí bọ́ọ̀sì ní O'Connell Street, nítorí bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn: àlejò kì í dá jáde nílé rẹ. Bí mo ṣe padà dé, ìdí mi ò gba ìjókòó mọ́. Mo to agolo tòmátì, mo tú u, mo tún un tò. Mo gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Ẹni tó ra iṣu ní kí n fún òun ní ṣéńjì, mo fún un ní nọ́mbà fóònù ẹlòmíràn. Ó yé ọ ohun tó ń dà mí láàmú. A kì í gba èènì padà. O lè gba owó ọjà padà, o lè gba ọjà padà, ṣùgbọ́n èènì, o ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé kò níye. Ọlọ́jà tó bá lọ gba èènì padà, kó kúkú lọ ta fùlùfúlù. Èmi ni mo sì máa lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ìjọ rẹ̀ ń gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Adamstown. Àyè pọ̀, mi ò jókòó. Mo lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn títí ọkùnrin kan fi bi mí bóyá mo ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

Ọmọ díákónẹ́ẹ̀sì ló ṣílẹ̀kùn, èyí tó wà ní yunifásítì. Ó wò mí, ó kígbe sínú ilé: "Mam, it's the pepper woman." Mo wọlé. Ọkọ̀ bàbá Finglas wà lórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ó ń dán yinrin. Wọ́n ti ta òróró ólífì sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú férémù tuntun, lẹ́tà ìjọba.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé," ni díákónẹ́ẹ̀sì wí. "Ọjọ́ kejì tó o gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìyá Aláta, Ọlọ́run lò ọ́."

Mo kúnlẹ̀ kí i kú oríire, mi ò sì dìde mọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ohun tó gbé mi wá. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀.

"O fẹ́ gba èènì padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ tó o lé ìyá kan jáde lójú mi nítorí ó ní ẹyin tó o fi ṣe èènì fóun fọ́."

"Èmi náà ni, mà."

"Ṣé kí wọ́n wá gba ìwé mi padà náà ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo sọ ti bàbá, ó ní Ọlọ́run á bá a wá ọkọ̀ mìíràn. Mo ti fẹ́ bínú dìde nígbà tí mo wo ọkọ̀ náà dáadáa, ohun tí bàbá sọ sì padà sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Mummy, ẹ wò ó. Níbo ni wọ́n ń kó ẹrù sí lára rẹ̀? Ìbọn ni gbogbo rẹ̀. Kò ru nǹkan kan rí. Àwọn tó ru ẹrù ló ń sìn dé èbúté, bí wọ́n bá ti dé, á padà lọ mú ẹlòmíràn. Ìwé yín ni ẹrù. Ẹrù ti gúnlẹ̀. Ẹni tó bá sìn yín dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni?"

Ọmọ rẹ̀ ti ń fọwọ́ ra fóònù. Ó ní, "She's right, Mam. It's an escort, like."

Díákónẹ́ẹ̀sì fi ìka kan tọ́ ìbọn iwájú. "Bàbá yẹn, ṣé ẹ̀rù ibi tó ń lọ ń bà á?"

Mo ní, "Ó ní ibẹ̀ grand."

Ó ti pẹ́ nílùú yìí tó láti mọ ohun tí grand ń bò mọ́lẹ̀. Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà, ó gbàdúrà sí i lórí, àdúrà gígùn tí orúkọ Finglas wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé bó ṣe sin òun dé ibi ìsinmi, kó sin bàbá yẹn wọlé, kó má bẹ̀rù. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Ó wá la ojú.

"O ṣì jẹ mí ní èènì."

"Rodo ẹ̀kúnwọ́ méjì, mà. Màá fi ránṣẹ́."

"Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni ti ọjọ́ Ajé. Ti òní, àpótí kan."

Mo ní ìdajì. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní àpótí kan.

Láti ibẹ̀ mo gba Finglas lọ tààrà. Bàbá ti ń dúró lójú fèrèsé, àpò rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gba ọkọ̀ náà, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ka ìbọn rẹ̀, ó fi èékánná tọ́ òwú dúdú. Ó wá gbé e sí imú.

"Ó ń rùn bíi sàláàdì, missus."

Mo sọ òtítọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, ata, pásítọ̀, lẹ́tà, àdúrà. Mo retí kó bínú. Ó fi apá ẹ̀wù nu ojú, ó ní bàbá òun gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ yẹn láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó dìde, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sójú fèrèsé, ó gbé e sórí etí rẹ̀, ó kọ iwájú rẹ̀ sí títì. Kọ́tìnnì ṣí sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Kò fà á.

Nígbà tí mo ní mò ń lọ, ó mú kóòtù. Mo ní kó jókòó, òtútù mú. Kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní àṣà wa, ṣùgbọ́n ó sìn mí dé ìdí bọ́ọ̀sì, àti pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, kò rìn lójú kan. Ó wà lápá ọ̀tún mi, ó bọ́ sí etí títì níbi tí mọ́tò ti ń sáré, ó lọ síwájú wo igun ọ̀nà, ó padà sẹ́yìn mi. Mo rọra ń rìn, bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Bọ́ọ̀sì gbéra, mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró.

Mo máa ń rò pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni sísin ènìyàn sọ́nà, ohun tí ìyá ẹni á gbá ẹni létí lé lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ẹ̀yìn oníbàárà mi bí wọ́n ṣe ń wọ inú òjò lọ, ara mi kì í sì í lélẹ̀ títí wọ́n á fi yà ní igun. Wọ́n lè máa bi mí kí ni mò ń wá lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ń wá nǹkan kan. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ Ìjẹ̀bú gbé ata lọ sí Adamstown. Firísà tuntun ń kùn lẹ́yìn mi, òfìfo. Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan fi bi mí kí ló dé. Ẹ̀kúnwọ́ rodo méjì ni mo háwọ́ sí. Ohun tí mo san, yúrò méjìdínlógójì.